Mo fẹ́ di agbẹ̀bí, owó ni ò sí: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ọmọ ọdún 26. Ọ̀dọ̀ màmá mi ni mò ń gbé ní Àdátán, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì auxiliary ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáńtokò. Mo ti bá wọn gbẹ̀bí níbẹ̀, ọkàn mi sì ti balẹ̀ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe láyé mi nìyẹn. Ọ̀gá wa ní kí n mú owó wá kí àwọn kọ́ mi fún oṣù mẹ́fà sí i, pé àwọn á fún mi ní sátífíkéètì agbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Èkó ní òun á ràn mí lọ́wọ́ bó bá jẹ́ yúnífásítì ni mo lọ, pé kò sí nǹkan nínú ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Èsì WAEC mi rèé: Gẹ̀ẹ́sì C5, Bàọ́lọ́jì B3, Kẹ́mísírì C6, Ìṣirò D7, Físíìsì E8. Ọ̀nà wo ni kí n gbà, mà, báwo ni mo sì ṣe fẹ́ rówó ẹ̀ san?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má san owó oṣù mẹ́fà yẹn.

Ọ̀gá rẹ lè má ní èrò burúkú lọ́kàn o. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ ti yá níbẹ̀, kí wọ́n má fẹ́ kó o lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn aládàáni tó lè dá sọ ènìyàn di agbẹ̀bí ní Nàìjíríà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ agbẹ̀bí ni òfin mọ̀ ní agbẹ̀bí. Ọdún 1979 ni òfin pa àjọ nọ́ọ̀sì àti àjọ agbẹ̀bí pọ̀ di ìgbìmọ̀ kan yìí, Council ni gbogbo àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é. Kí orúkọ rẹ tó débẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí Council fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ gbà ọ́ wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn á fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí Council nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, indexing là ń pè é. Lẹ́yìn náà lo máa kàwé, wàá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, wàá jókòó ṣe ìdánwò Council, kó o tó gba lísẹ́ńsì. Sátífíkéètì tí ilé ìwòsàn bá dá tẹ̀, ì báà ní òǹtẹ̀ mẹ́ta lórí, kò lè rọ́pò ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyẹn.

Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò, tí obìnrin kan tó já fáfá to irú sátífíkéètì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀kan láti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tó ti ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: “Nọ́ńbà Council yín dà?” Ó kó ìwé rẹ̀ padà sínú báàgì. Èyí tó tún wá le jùyẹn ni pé lọ́jọ́ tí ìbí kan bá yíwọ́, tí àwọn ẹbí kó ọlọ́pàá dé, ẹni tí kò ní lísẹ́ńsì ni gbogbo ìka máa nà sí, títí kan ìka ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ.

O ní o ti bá wọn gbẹ̀bí. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìbí tó bá fẹ́ rọrùn máa ń rọrùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó ń tan àwọn auxiliary jẹ gan-an nìyẹn. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ọmọ ti wálé, ó ti ké, ibi ọmọ ti jáde, ìyá ọkọ ti ń kọrin ní kọ́rídọ̀, ọkọ ti ń pe gbogbo ayé lórí fóònù. Níbo ni ọwọ́ rẹ wà? Bó bá jẹ́ pé ọmọ lò ń nù, ta ló gbé ọwọ́ lé ikùn ìyá? Ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn, lemọ́lemọ́ ni ọwọ́ agbẹ̀bí ń padà sí ìdodo ìyá, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilé ọmọ. Bó bá le gbagidi, tó sún kì sójú kan, kò séwu. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí ọwọ́ ń wá a tí kò rí i, ẹ̀jẹ̀ lè ti máa dà, ì báà má tíì hàn lórí aṣọ. Tí ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbí bá ti tó ìdajì lítà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Agbẹ̀bí á máa ra ilé ọmọ títí tó fi máa le, á wò ó bóyá ìtọ̀ ló kún inú ìyá tí kò jẹ́ kí ilé ọmọ sún kì, á yẹ ibi ọmọ wò tinú tẹ̀yìn bóyá èyí tó ya kù sínú, á lo oògùn tó yẹ ní ìwọ̀n tó yẹ. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé á mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó figbe ta pe dókítà. Abẹ́rẹ́ oxytocin gan-an, kété tí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀ ló yẹ kó ti fún ìyá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí ẹ̀jẹ̀.

Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 sọ pé nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 512 ló ń bá oyún tàbí ìbí lọ, ẹ̀jẹ̀ dídà sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ agbẹ̀bí fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Oṣù mẹ́fà ò lè gbé e.

Nítorí náà, máa ṣiṣẹ́ rẹ ní Ọbáńtokò lọ, máa gba owó oṣù rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ nìkan sílẹ̀ nídìí aboyún mọ́.

Ó yá, ẹ̀yìn èsì WAEC rẹ ni kí á bẹ̀rẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà, ó sì ṣì tì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, yúnífásítì, gbogbo wọn ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kó má sì ju èsì ìjókòó méjì lọ. C6 ni kírẹ́díìtì parí sí. D7 àti E8 tó o ní kò wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù ò ní sọ èyí fún ọ; wọ́n á tà á fún ọ, ìgbà tí ìwé bá délẹ̀ tán ni wọ́n á ní orúkọ rẹ ò jáde. Owó àkọ́kọ́ tó máa kúrò lọ́wọ́ rẹ, GCE tàbí NECO ni kó o ná an lé, kì í ṣe fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Bó o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, má mú Ìṣirò àti Físíìsì nìkan. Mú márààrún. Gbé e yẹ̀ wò: bó o bá mú méjì, tó o yege nínú Ìṣirò tí Físíìsì tún já ọ kulẹ̀, wàá ní láti tún jókòó, ìyẹn ti di ìjókòó kẹta, èsì mẹ́ta ò sì ṣeé so pọ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá ṣe márààrún, èsì tuntun lè dá dúró fúnra rẹ̀, ó sì lè ti ti àtijọ́ lẹ́yìn. C6 tó o ní nínú Kẹ́mísírì náà, etí bèbè ló wà. WAEC ń ṣe ti àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, o ò ní í dúró pẹ́. Físíìsì ló máa fún ọ níṣòro jù. Wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́, kó máa kọ́ ọ nírọ̀lẹ́ tó o bá ti kúrò níbi iṣẹ́, má sì tẹ̀ lé ẹni tó bá ní òun mọ “sẹ́ńtà tó dáa”. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ lọ yìí máa ń dán ènìyàn wò fúnra wọn kí wọ́n tó gbà á, lórí àwọn iṣẹ́ kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ A1 ti máa ń dákẹ́. Tó o bá fẹ́ ṣe JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni kó o mú.

Wàyí o, ọ̀nà. Ọ̀nà kan wà tó lọ tààrà: ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, ọdún mẹ́ta, lísẹ́ńsì agbẹ̀bí. Òmíràn gba ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọjá: o máa kọ́kọ́ gba lísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà lo máa wá fi ọdún kan ààbọ̀ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lé e. Ẹ̀kẹta ni yúnífásítì, ọdún márùn-ún gbáko, bí ìyànṣẹ́lódì ò bá fi kún un. Ní agbègbè wa, ti ìjọba tó ní ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni OOU ní apá Ṣágámù, UI ní Ìbàdàn, OAU ní Ifẹ̀, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ti aládàáni ni Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ní ọ̀pọ̀ yúnífásítì, akẹ́kọ̀ọ́ á ti jókòó ṣe ìdánwò Council ti nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí kó tó jáde.

Ohun kan ti ń yí padà tó o gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti bọ́ sábẹ́ NBTE, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn pólì, ND àti HND ni wọ́n ń ṣe, JAMB sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí HND á jẹ́ kó o lè lọ sin ilẹ̀ baba rẹ, èyí tí àwa tá a gba ọ̀nà àtijọ́ kò ní àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ND” tàbí “HND” nìkan dá ọ lóhùn. Béèrè pé: ìdánwò Council wo ni ẹ̀kọ́ yìí máa jẹ́ kí n jókòó fún, nọ́ọ̀sì ni àbí agbẹ̀bí àbí méjèèjì, ọdún kelòó sì ni? Bí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ò bá lè dáhùn, sọ pé o fẹ́ rí olùkọ́.

Wọ́n á tún bá ọ sọ̀rọ̀ nípa CHEW, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n ń ṣe bẹbẹ ní àwọn ilé ìlera alábọ́dé káàkiri ìpínlẹ̀ Ògùn. Àmọ́ àjọ mìíràn ló ń ṣàkóso wọn, iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tibẹ̀ já ọ sínú ìwé Council. Bó bá jẹ́ ìbí ló wù ọ́, kì í ṣe àbùjá.

Èwo ni màá mú, bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílé níbí. Abẹ́òkúta ò ṣe wá níkà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbí. Ti àwọn Kátólíìkì wà ní Sacred Heart, Lántòrò, ilé ìwòsàn tó ti wà láti ọdún 1895. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fojú rí iṣẹ́ pọ̀: ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, FMC ní Ìdí-Àbà. Aró náà ń bẹ. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ lo sáà kan ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ti ìlú òkèèrè wá sí Aró, wọ́n á gbalé, wọ́n á ra kẹ̀rosíìnì, wọ́n á máa gun ọ̀kadà lójoojúmọ́. Ìwọ, láti Àdátán ni wàá ti lọ, tí wàá sì padà sílé jẹ ẹ̀bà màmá rẹ. Ìnáwó ńlá ni wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ tó máa fún ọ ní lísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pọ̀, mú un, má wẹ̀yìn. Bí kò bá sí, èmi á mú ti nọ́ọ̀sì ṣáájú, mo sì mọ̀ pé àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ mi kan á bá mi jà lórí èyí. Wọ́n á ní ẹni tó mọ̀ pé agbẹ̀bí lòun fẹ́ ṣe, kí ló ń wá lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó bá lówó tó dájú fún ọdún mẹ́ta péré kó máa lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìrẹ, ọ̀rọ̀ owó ni. Nọ́ọ̀sì tó ní lísẹ́ńsì á ríṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tó pọ̀ ju ti agbẹ̀bí nìkan lọ, owó oṣù yẹn ló sì máa san ọdún kan ààbọ̀ tó kù. Lísẹ́ńsì àkọ́kọ́ ni kó o lé. Jẹ́ kí òun ra ìkejì fún ọ. Ní ti ọjọ́ orí rẹ, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Mo ti kọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń fún ọmọ lọ́mú láàárín kíláàsì kan sí òmíràn, ó sì wà nídìí iṣẹ́ dòní.

Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ kò jẹ̀bi tán. Ibi tí iṣẹ́ yìí ń lọ, dìgírì ló máa gbé ènìyàn dé ipò ọ̀gá. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹni tó ti di nọ́ọ̀sì lè wọ yúnífásítì láti ọdún kejì ẹ̀kọ́, NOUN náà, yúnífásítì ìjọba àpapọ̀ tí ènìyàn ti lè máa kàwé láti ilé, sì ní dìgírì nọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé kìkì àwọn tó ti ní lísẹ́ńsì ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, tí ènìyàn lè máa ṣe pẹ̀lú iṣẹ́. Dìgírì ò ní sá lọ. Bí o bá fẹ́ fi ọkàn wọn balẹ̀, mú yúnífásítì ìjọba kan nínú JAMB rẹ, ibi tí orí bá bá ọ ṣe é dé. Ṣùgbọ́n má torí ìlérí wọn lọ wọ yúnífásítì aládàáni.

Ìlérí “màá ràn ọ́ lọ́wọ́” kò ní iye, kò ní ọjọ́. Kí ìwọ àti màmá rẹ jọ lọ kí wọn ní Èkó. Kúnlẹ̀, dúpẹ́, má bá wọn jiyàn. Kó o wá mú bébà kan dání tó o ti kọ ìnáwó sí, ọdún kan lẹ́yìn ìkejì, kó o ní: “Bùọ̀dá, èyí tí agbára yín bá ká nínú gbogbo èyí, ẹ bá mi mú ẹyọ kan.” Bí wọ́n bá mú owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kejì, dúpẹ́. Bí wọ́n bá mú owó ìdánwò Council, dúpẹ́. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n san án sí àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn, kí ìwé ẹ̀rí ìsanwó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó mọ ohun tí owó òun ṣe kì í sábà pa ènìyàn tì láàárín ọ̀nà.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ owó gan-an. Ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ló ń lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Ní ọdún àkọ́kọ́ ìjọ á dáwó, ọ̀rẹ́ ìyá á ra báàgì, gbogbo ẹbí á máa pariwo nọ́ọ̀sì wa. Ọdún kejì ni ariwo máa ń rọlẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń rí ọmọ tó mọ̀wé tí á máa wá sọ pé òun fẹ́ lọ sinmi díẹ̀. Púpọ̀ wọn kì í padà. Nítorí náà, má wọlé títí wàá fi mọ ibi tí owó ọdún kejì ti ń bọ̀.

Má fi ìwé owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìṣirò. Wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kejì, ra mínírà fún un, kó sọ ohun tó ná gan-an fún ọ. Á ka fọ́ọ̀mù fún ọ, owó ìgbàwọlé, owó ilé ẹ̀kọ́, indexing, yunifọ́ọ̀mù oríṣi méjì mẹ́ta, bàtà, aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá (o ò lè ka ọkàn ọmọ inú láìsí i, láàárín 110 sí 160 ló yẹ kó máa lù ní ìṣẹ́jú kan), ìwé, ohun èlò tí wọ́n ní kó o rà fúnra rẹ, owó ọkọ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n bá pín yín sí. Ìparí rẹ̀ ni owó ìdánwò Council, owó ìforúkọsílẹ̀ àti ti lísẹ́ńsì, àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí àpò ti gbẹ ni wọ́n máa ń dé. Béèrè ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì dáadáa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń fi dandan lé e pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé inú ọgbà, bí ilé wọn tilẹ̀ wà ní ìdojúkọ géètì. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, Àdátán ò ní í gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ, ilé ẹ̀kọ́ á gbà á.

Ibo la ó ti rí i? Ọ̀dọ̀ màmá rẹ kọ́kọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọgbọ́n. Ọjà àdìrẹ ní àkókò tiẹ̀: ó máa ń tà nígbà ọdún, nígbà ìnáwó, nígbà tí àlejò bá wọ̀lú, ó sì máa ń jókòó nígbà òjò, tí àwọn aláró gan-an ò rí oòrùn sá aṣọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ ò mọ ìyẹn. Bí màmá rẹ bá ń dá àjọ ní Ìtòkú, kí wọ́n má gba ipò àkọ́kọ́. Kí wọ́n ní kí olórí àjọ fi àwọn sí oṣù tí owó ilé ẹ̀kọ́ máa ń wọlé. Kí wọ́n tún wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nísinsìnyí tí o ṣì ń múra GCE sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí ènìyàn bá ti kó jọ, wọn kì í sì í yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìwọ náà, ya nǹkan sọ́tọ̀ lára owó oṣù rẹ, nítorí tó o bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́, o ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á máa fi ọ́ sí iṣẹ́ àárọ̀, iṣẹ́ ọ̀sán, iṣẹ́ òru, àwọn olùkọ́ rẹ ló sì máa pín in, kì í ṣe ìwọ.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ wà, NELFUND. Òfin tuntun tó gbé e ró jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó sì ti ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà lọ́wọ́. Kò ní èlé. Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ rẹ kọjá, àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san án sí. Ìwọ lè béèrè owó ìtọ́jú ara lọ́tọ̀, ₦20,000 lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tó o bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ tán ni wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni wọ́n ń béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ láti “bá ọ tì í”, olè ni. Àmọ́ ti ìjọba nìkan ló wà fún. Lántòrò kò sí níbẹ̀, Babcock kò sí níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ìjọba tó o bá mú náà, lọ wo orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí NELFUND kọ jáde kó o tó gbọ́kàn lé e. Èyí nìkan tó láti jẹ́ kí n sọ pé bí ti ìjọba àti ti ìjọ bá gbà ọ́ pọ̀, kó o fojú owó wò ó dáadáa kó o tó mú ti ìjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Sístà máa ń kọ́ ọmọ dáadáa.

Bọ́ńdì náà wà. Ilé ìwòsàn kan, ti ìjọ tàbí ti aládàáni, lè san owó rẹ kó o wá fi ọdún mélòó kan sìn wọ́n. Kì í ṣe ohun tó burú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá rẹ ní Ọbáńtokò gan-an lo máa gbé e lọ bá. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ, dípò oṣù mẹ́fà yẹn, kí wọ́n ràn ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gidi. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé: ọdún mélòó ni, owó oṣù wo ni wọ́n á máa san lásìkò náà, kí ló ṣẹlẹ̀ bó o bá ṣubú nínú ìdánwò, kí ló ṣẹlẹ̀ bó o bá lóyún, mélòó lo máa dá padà bó o bá fẹ́ kúrò. Má jẹ́ kí lísẹ́ńsì rẹ sùn lọ́wọ́ wọn láé. Mo mọ ẹni tí wọ́n ti tirẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá títí tí àkókò àtúnṣe rẹ̀ fi kọjá, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni à ń tún un ṣe.

Ti ẹ̀yáwó orí fóònù, àwọn tó ń fi nọ́ńbà gbogbo ẹbí ènìyàn ránṣẹ́ ẹ̀sín, mi ò ní í sọ púpọ̀. Má fi kàn án.

Bí ọkàn rẹ bá tún wà ní ìlú òyìnbó, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ, mọ̀ pé láti ọdún 2024 ni Council ti ní àwọn ò ní í jẹ́rìí sí ìwé ẹnikẹ́ni fún orílẹ̀-èdè mìíràn àfi kó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé. Ẹni tó bá fi ìrìn àjò ṣe ìṣirò owó tó yá, kó fi ọdún méjì yẹn kún un.

Tó o bá ń lọ béèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kó o lọ, kó o mú èsì WAEC rẹ dání bó ti wà, má tijú rẹ̀. Ní kí wọ́n fi ìwé tí Council fi fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà hàn ọ́, kó o wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, nítorí ìfọwọ́sí máa ń parí, Council a sì máa dín iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan lè gbà kù. Bi wọ́n pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni Council yọ̀ǹda fún wọn lọ́dún, mélòó ni wọ́n sì gbà ní ọdún tó kọjá. Bí èkejì bá pọ̀ ju èkíní lọ, àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò ní í rí indexing ṣe, wọn ò sì ní í sọ fún wọn títí owó á fi tán lọ́wọ́ wọn. Mú ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀, kó o kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ kejì.